Àwọn Tó Ń Rẹ́rìn-ín Ṣáájú

Obìnrin tó ń de ọ̀já mọ́ mi lọ́rùn ní kí n gbé itọ́ mì. Mo gbé e mì. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n sì wúkọ́ díẹ̀. Mo wúkọ́. Iná kékeré tó wà lára ọ̀já náà tàn, ó di àwọ̀ ewé, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú ẹ̀rín tí kò ní ohùn nínú tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rín láyé ìsinsìnyí. Ó kọ orúkọ mi sínú rẹ̀, ó ní ọ̀já ti mọ̀ mí báyìí, kí n máa wọlé lọ gbádùn ara mi. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, nítorí káàdì lásán ni wọ́n máa ń fún wa lọ́dún tó kọjá. Ó ní nítorí ìlera wa ni, pé ẹ̀rín àrínjù kò dára fún ọkàn àwọn àgbàlagbà.

Mo dúró ti Akínlabí kí wọ́n lè de tirẹ̀. Òun kò fẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ọrùn bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ó ń bi mí pé kí ni nǹkan tútù yẹn. Mo sọ fún un pé táì ni, pé mánéjà òtẹ́ẹ̀lì kì í jáde láìwọ táì. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní òótọ́ ni, ó sì na ọrùn sí wọn. Bí mo ṣe ń bá a lò láti àárọ̀ nìyẹn. Bí mo bá fi òótọ́ bá a sọ̀rọ̀, á bínú. Bí mo bá fi Òtẹ́ẹ̀lì Paríọlá bá a sọ̀rọ̀, á gbọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì Paríọlá ni eré tó kó gbogbo wa jọ síbẹ̀. Eré àwàdà àtijọ́ ni, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Òtẹ́ẹ̀lì kan ni, kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mánéjà rẹ̀ sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a wà ní yunifásítì ni Akínlabí ṣàwárí rẹ̀ níbì kan, ó sì fi kó àwa mẹ́ta jọ: òun, èmi Ìbídùn, àti Ṣíjúwadé. A wò ó títí tó fi mọ́ wa lára bí àdúrà. Láti ìgbà náà, òun ni Mánéjà, èmi ni Kúùkù, Ṣíjúwadé sì ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́, obìnrin tó máa ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ọdọọdún là ń wá sí Ìpàdé Òtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn, ní gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè níbi tí ọkọ̀ orí okùn ti ń já èrò. A ti lọ́kọ láya, a ti bímọ, a ti sìnkú, a ò pa á jẹ rí.

Lọ́dún yìí, Akínlabí kò mọ orúkọ mi mọ́. Kúùkù nìkan ló mọ̀. Morádékẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ló fà á lé mi lọ́wọ́ ní ìdíkọ̀. Ó sọ fún mi pé bàbá òun kò mọ òun lọ́mọ mọ́, pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe òun. Ó fẹ́ sunkún, ó gbé e mì.

"Ṣùgbọ́n tí eré yẹn bá bẹ̀rẹ̀, Màmá, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí bàbá mi. Ẹ̀rín yẹn nìkan ló kù nínú wọn. Ẹ bá mi tọ́jú wọn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Nínú gbọ̀ngàn, nǹkan fẹ́ jọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n pàtẹ kọ́kọ́rọ́ onígi ńlá bíi ti òtẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn ọkùnrin wọ kóòtù mánéjà tí apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Ẹnì kan gbé àwo ọbẹ̀ òfìfo kiri, ó ń bi àwọn èèyàn bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Akínlabí gba ṣíbí, ó bu òfìfo náà tọ́ wò, ó fajú ro, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, kí wọ́n lọ fi omi sí i. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn ọrùn tó yí wa ká sì ń tàn ní àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn. Mo rò pé ọjọ́ náà á dáa.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mi ò tètè rí. Àwọn Ọlọ́ṣẹ kò sí. Ọdọọdún, ìdajì àwọn tó ń wá máa ń wá bí Ọlọ́ṣẹ, àlejò tó fọṣẹ sára tán kó tó mọ̀ pé omi ò sí. Òwú ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ orí àti irùngbọ̀n bí ìfófòó ọṣẹ, tọ́wẹ̀lì á sì wà ní ìdí wọn. Lọ́dún yìí, mi ò rí ẹyọ kan. Ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òṣìṣẹ́ kan ń gbálẹ̀. Òwú funfun ló ń gbá jọ, ó pọ̀, tọ́wẹ̀lì méjì kan sì wà láàárín rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ṣíjúwadé ti bá wa. Ó kí wa dáadáa, ó bi mí léèrè orúnkún mi, ó bá Akínlabí to kọ́là rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, a ò sì retí rẹ̀. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀. Ní kóòtù lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ń ka àwọn oyè Alága Àgbà tó ń ṣàkóso wa kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó kà á títí, kò tán, Ṣíjúwadé sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín aláìnídìí ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Wọ́n mú un lọ sí Ilé Ìtura, níbi tí ìjọba ti ń wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín jù sàn, ó sì wà níbẹ̀ títí òjò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tó dé, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó ń sùn dáadáa. A dá àpárá fún un, a ṣe Mánéjà fún un, a ṣe Kúùkù fún un, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Ó kàn ń wò wá, ó ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kì í sunkún náà. Ìyẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìka kan ọ̀já ọrùn mi. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Ilé Ìtura.

"Wọ́n yọ ìran ẹ̀rọ omi kúrò nínú eré tòní," ó ní. "Àwọn tó bá rẹ́rìn-ín níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀."

Kò sí olólùfẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìran ẹ̀rọ omi. Ọlọ́ṣẹ yóò ké pe mánéjà. Mánéjà yóò dé pẹ̀lú agbádá tó wọ̀ lé kóòtù rẹ̀, yóò tún fìlà ṣe, yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ omi, yóò kí i kú àárọ̀, yóò fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ iṣẹ́ ọba. Yóò wá yíjú sí àlejò, yóò ní, "Ẹ ní sùúrù, sà. Omi ń wọṣọ lọ́wọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Alága Àgbà ṣí Odò Tuntun pẹ̀lú ariwo tí a ò sì rí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ẹ ó tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó tẹ ọwọ́ yín lé e kó lè mọ̀ yín, kò ní sí nǹkan kan, ẹnì kan á sì sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé omi ń wọṣọ lọ́wọ́. Gbogbo ìlà á wó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo rí ìyá arúgbó kan tó rín in títí tó fi jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èèyàn nídìí ẹ̀rọ omi, ìran yẹn sì pòórá níbi gbogbo.

Mo bi Ṣíjúwadé pé báwo ni ọ̀já á ṣe mọ̀. Ó ní bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín, ọ̀já máa ń dúró wò bóyá àwàdà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Bí àwàdà bá dé, iná á di àwọ̀ ewé. Bí kò bá dé, á pọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nípa wa, ẹnìkan ló kọ́ ọ. Olólùfẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì gidi kì í dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àṣà wa nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀rọ̀, àlejò ni, a ó fún un ní ìjókòó, a ó sì máa ṣàánú rẹ̀. Ta ló sọ èyí fún ìjọba?

"Èmi ni," Ṣíjúwadé ní. "Wọ́n bi mí ní Ilé Ìtura pé báwo la ṣe ń dá ara wa mọ̀. Mo sọ fún wọn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ra tòmátì. Ẹni tí mo lè bá jà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Akínlabí ló wá sí mi lọ́kàn. Nínú gbogbo ìpàdé tí a ti ṣe, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣáájú rẹ̀. Òun ló máa ń ṣíwájú gbogbo gbọ̀ngàn, ẹ̀rín gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀ tó máa ń ti inú ikùn wá, àwa yòókù á sì tẹ̀lé e. Ìgbéraga rẹ̀ nìyẹn láyé. Bí mo bá kìlọ̀ fún un, á gbà, kí n sì tó kásẹ̀ ńlẹ̀ á ti gbàgbé. Bí wọ́n bá sì mú un lọ sí Ilé Ìtura, kí ni wọ́n fẹ́ dá padà fún Morádékẹ́? Ṣíjúwadé ṣì ní òfin lórí, ó ṣì ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Akínlabí kò ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn ẹ̀rín. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, aṣọ ló kù.

Mo fà á lọ́wọ́, mo ní ká máa lọ. A dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin ọlọ́jàá ní ilẹ̀kùn kò ní ṣí títí eré á fi parí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní bí ara bàbá kò bá yá, a lè lọ ṣàlàyé nínú yàrá kékeré, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbá òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ń wo ilẹ̀kùn yẹn láti ìgbà tí a dé. Mo ti rí àwọn tó wọlé síbẹ̀, mi ò rí ẹni tó jáde. Mo ní ara rẹ̀ yá.

A jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn, Akínlabí láàárín èmi àti Ṣíjúwadé. Ó ń yọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Mo bi Ṣíjúwadé bóyá ọ̀já yìí mọ ohùn oníkálùkù. Ó ní kò mọ ohùn, pé bí ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n nìkan ló mọ̀, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló sì ń kà fún wọn. Ó ní ọwọ́ ẹni kò lè ṣí tẹni, àmọ́ ẹlòmíràn lè ṣí i láti ẹ̀yìn, bí kò bá ti pẹ́ kó tó kan ọrùn mìíràn. Wọ́n máa ń ṣe é fún ara wọn ní Ilé Ìtura láti fi sùn.

Mo ní kó fi tèmi sí Akínlabí lọ́rùn, kó fi ti Akínlabí sí mi.

Ó wò mí. Ó ní bí Akínlabí bá rẹ́rìn-ín nígbà náà, orúkọ mi ni wọ́n á pè. Mo ní mo mọ̀. Mi ò fẹ́ pa irọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, mi ò ní ìwà akin kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí wọ́n bá gba ẹ̀rín lọ́wọ́ mi, màá ṣì mọ ibi tí odò ti ń ṣàn. Mo bi Ṣíjúwadé bóyá ó lè gbé tirẹ̀ sílẹ̀ dípò tèmi, nítorí òun kò ní ohun tí wọ́n lè tún gbà. Ó ní wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rín òun ti tán, pé bí ọ̀já òun bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lọ́yà ṣì ni.

Nígbà tí iná gbọ̀ngàn kú, ó ṣe é. Ìka rẹ̀ tutù lẹ́yìn ọrùn mi, nǹkan kan dún tín-ín, ọ̀já Akínlabí sì dé ọrùn mi pẹ̀lú ìlàágùn rẹ̀ lára. Akínlabí kò tilẹ̀ yíjú. A fẹnu kò pé yóò dá wọn padà kí iná tó tàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé a ṣe pàṣípààrọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n má rẹ́rìn-ín rárá, kí orúkọ Akínlabí lè mọ́ tónítóní títí eré fi parí. Mo rò pé èyí tó rọrùn jù nìyẹn. Ta ni ẹ̀rín fẹ́ pa níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn?

Ògiri iwájú tàn, òtẹ́ẹ̀lì wa sì yọ, pẹ̀lú pátákó rẹ̀ tó dagun. Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Mánéjà wọlé, kọ́kọ́rọ́ bọ́, Kúùkù jó ẹ̀wà. Ẹ̀rín ń lọ ṣáájú àwàdà bó ṣe yẹ, àwọn ọrùn ń tàn bí ìtànná nínú òkùnkùn. Mo fi eyín di ètè. Akínlabí ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé kò ṣáájú. Ó ń tẹ̀lé àwọn èèyàn ni. Bí wọ́n bá rín, á wò yíká, á wá rín. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, àlejò náà gbé tọ́wẹ̀lì kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó hàn pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ti kìlọ̀ fún. Àlejò ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó wọlé, ilẹ̀kùn dé. Lójú kan náà ó ti wà nídìí oúnjẹ, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ, ó ń gé ẹran. Wọ́n rán an débi pé ẹni tí kò mọ̀ kò lè mọ̀. Wọ́n sì jẹ́ kó máa gé ẹran náà lọ, kò sọ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kò ní ohun tó máa dì mọ́. Ní iwájú, iná kan pọ́n. Obìnrin kan ni, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Òmíràn pọ́n lápá òsì.

Mo yíjú sí Akínlabí. Ó ń wo àlejò tó ń gé ẹran, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bí ẹni ń wo òjò. Mo dúró. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra tẹ̀ sí etí mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kúùkù, ta ni ọkùnrin yẹn?"

Ó ti gbàgbé. Ìran tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wa, tó máa ń ṣe fún wa ní ilé ìwẹ̀ ọ̀gbà akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú agbádá bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, ó ti lọ. Wọn ò lè mú un. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ mú níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an, ara mi sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ewu ti ré e kọjá. Mo mí jáde. Bí mo ṣe ń mí jáde ni mo rí Mánéjà lọ́kàn mi tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ omi, tó ń tún fìlà ṣe, tó fẹ́ la ẹnu. Kò tíì sọ ọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ara mi tó ti ń rẹ́rìn-ín lọ pàdé ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà èwe mi kò bi mí léèrè nǹkan kan. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín gidi ni, ó rọ́ jáde láti ikùn. Mo rí i tí iná pupa hàn sórí ọwọ́ mi. Mo bo ẹnu, ó ti bọ́. Iná náà kú fúnra rẹ̀, àlejò ṣì ń gé ẹran, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ padà nínú eré bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí orin ìparí bẹ̀rẹ̀, Ṣíjúwadé na ọwọ́ kọjá lẹ́yìn Akínlabí bí a ṣe fẹnu kò. Ó ṣí ti ọrùn mi, ó ṣí ti ọrùn rẹ̀, ó dá kálukú padà sáyè rẹ̀. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Mo lè dì í lọ́wọ́ mú. Mo lè sọ pé rárá, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n bá a lọ́rùn mi. Mi ò sọ ọ́. Mi ò mọ̀ títí di báyìí bóyá ọkàn mi ni kò tíì dé ibẹ̀, àbí ó ti dé ibẹ̀ tó sì dákẹ́.

Iná tàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba àárín ìjókòó wá, wọn ò sáré, wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó díẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró síwájú wa, ó tẹríba, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti ń tàn.

"Bàbá Akínlabí," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọkùnrin yẹn ń jẹun?"

Kí n tó la ẹnu, Akínlabí ti nà tàntàn lórí ìjókòó. Mi ò rí ojú rẹ̀ kó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò rántí ìran, kò rántí orúkọ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ṣì dúró.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ bi Kúùkù."

Mo dìde. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé irọ́ ni, pé ara bàbá kò dá, pé èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ní a pààrọ̀ ọ̀já nínú òkùnkùn. Mo yí sí Ṣíjúwadé pé kó jẹ́rìí. Ṣíjúwadé ní òótọ́ ni, èmi ni, òun ló pààrọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ ohun gbogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó mọ ibi tó ti dé, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó ti Ilé Ìtura dé, ẹlẹ́rìí ta ni?

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kó jẹ́ èèyàn burúkú. Ó ní òun náà ní bàbá àgbà nílé, òun kò sì fẹ́ mú aláìṣẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ọrùn mi.

"Ó dáa, Ìyá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ rín in kí n gbọ́. Bí ẹ ṣe rín in lẹ́ẹ̀kan."

Mo la ẹnu. Mo pe Mánéjà wá, mo pe agbádá, mo pe ẹ̀rọ omi, mo ní kó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi agbára ti afẹ́fẹ́ jáde, ó dún bí ikọ́. Mo tún un ṣe. Mo ń na ẹnu, mo ń mi èjìká, omi ń bọ́ lójú mi, ọ̀já ọrùn mi kò tàn ní àwọ̀ kankan. Àwọn tó jókòó nítòsí ń wo ilẹ̀.

Akínlabí ló ń wò mí. Ó wo ẹnu mi tó là gbàgà, ó wo bí mo ṣe ń mi èjìká bí adìẹ tí òjò pa, ẹ̀rín sì mú un. Ó rín in bó ṣe máa ń rín in láyé àtijọ́, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó ń tọ́ka sí mi. Ọrùn rẹ̀ pọ́n fòò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé. Ó mú Akínlabí ní ìgùnpá pẹ̀lú sùúrù, ó ń kìlọ̀ fún un nípa àtẹ̀gùn. Wọ́n gba ọ̀nà yàrá kékeré lọ, Akínlabí ṣì ń rín, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí kí n má dáwọ́ dúró. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà, mò ń wá ẹ̀rín, títí ilẹ̀kùn yẹn fi pa dé tí mi ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.